Bí Ẹ Ṣe Lè Rí Ọ̀rẹ́ Gidi Lórí Facebook àti WhatsApp

Aṣọ ni mò ń rán ní Takie, ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Orí Facebook ni èmi àti ẹni tó ń bá mi ra aṣọ-òkè láti Ìsẹ́yìn ti mọra. Orí rẹ̀ náà ni mo ti mọ ìyá kan ní Ìbàdàn tí wọ́n kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń gé agbádá. Nítorí náà, bí ọ̀dọ́ kan bá sọ fún mi pé òun ní ọ̀rẹ́ rẹpẹtẹ lórí fóònù, síbẹ̀ òun ò rẹ́ni bá sọ̀rọ̀, ìbéèrè mi ni pé: ta ni ìwọ náà dá lóhùn lọ́sẹ̀ yìí?

Ẹ fi fọ́tò ojú ara yín sórí Facebook yín, kì í ṣe ti òdòdó tàbí ti pásítọ̀ yín. Ẹ kọ orúkọ tí wọ́n ń pè yín, iṣẹ́ yín àti ìlú yín. Lẹ́yìn náà, ẹ wá ẹgbẹ́ tó bá yín mu: ẹ tẹ orúkọ iṣẹ́ yín, ilé ìwé tí ẹ jáde, tàbí "Ogbomoso". Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH tí ẹ ti ìlú míì wá, ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ máa ka ohun tí wọ́n ń kọ níbẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kí ẹ tó sọ̀rọ̀. Ẹ ó mọ ẹni tó ń fèsì dáadáa, ẹ ó sì mọ ẹni tó kàn ń polówó ọjà.

Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an ni ọ̀rọ̀ tí ẹ ó kọ sábẹ́ ohun tí ẹlòmíì gbé síta. "Ó dáa o" kò burú, àmọ́ kò sẹ́ni tó máa tìtorí ẹ̀ rántí yín. Ohun tí ojú yín rí ni kí ẹ béèrè. Lọ́jọ́ tí ìyá Ìbàdàn yẹn gbé fọ́tò agbádá kan síta, gbogbo èèyàn ń yìn wọ́n. Mo wo ọrùn aṣọ náà, ó dúró dáadáa, kò ká kò rárá. Mo wá kọ ọ́ pé: "Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ṣé gum stay lẹ fi sẹ́yìn ọrùn yìí kẹ́ ẹ tó ṣe iṣẹ́ ọnà sí i, àbí aṣọ líle lẹ lò?" Gum stay ni èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn aṣọ kó lè dúró. Èsì wọn gùn, wọ́n sì ní kí n wá sí inbox.

Tẹ́ ẹ bá dé inbox, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ "Hi" kẹ́ ẹ wá máa retí. Ẹ kí onítọ̀hún bó ṣe yẹ ọjọ́ orí ẹ̀, ẹ sọ ẹni tẹ́ ẹ jẹ́ àti ibi tẹ́ ẹ ti pàdé, kẹ́ ẹ wá béèrè ohun kan ṣoṣo: "Ẹ káàsán sà. Èmi ni aránṣọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó béèrè nípa sányán lánàá. Ṣé ẹ máa ń ta díẹ̀díẹ̀?" Bí wọn ò bá fèsì, ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Ẹ má sì yá owó lọ́wọ́ ẹni tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ láéláé.

Bọ́rọ̀ yín bá ti wọ̀, ẹ tọrọ nọ́ńbà WhatsApp. Ọ̀pọ̀ kò mọ̀ pé àfi kí ẹ̀yin méjèèjì tọ́jú nọ́ńbà ara yín sí fóònù kẹ́ ẹ tó lè máa rí status ara yín lórí WhatsApp, wákàtí 24 péré ló sì ń lò. Ibẹ̀ ni mo ti ń mọ̀ pé ẹnì kan bímọ tàbí pé ó ń ṣọ̀fọ̀. Ohùn mi ni mo máa ń fi ránṣẹ́, màá sì pe orúkọ ẹni náà.

Code oní nọ́ńbà mẹ́fà tí WhatsApp bá fi ránṣẹ́ sí fóònù yín, ẹ má fún ẹnikẹ́ni, ì báà jẹ́ ọ̀rẹ́ yín ló ń tọrọ ẹ̀. Ẹ lọ sí settings, kẹ́ ẹ tan two-step verification, ìyẹn nọ́ńbà àṣírí tí ẹ̀yin fúnra yín máa yàn. Bí ọ̀rẹ́ bá kọ̀wé tọrọ owó, ẹ pè é, kẹ́ ẹ gbọ́ ohùn ẹ̀ ná. Ó lè jẹ́ pé wọ́n ti gba WhatsApp mọ́ ọn lọ́wọ́.

Tó bá sì di pé ẹ fẹ́ rí ara yín lójúkojú, ọ̀sán ni kó jẹ́, níbi térò pọ̀ sí, bíi Takie. Bó bá ní ilé òun ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá, ẹ sọ fún un pé ìgboro ló rọ̀ yín lọ́rùn. Ẹ jẹ́ kí ará ilé yín mọ ibi tẹ́ ẹ ń lọ àti ìgbà tẹ́ ẹ máa dé, kẹ́ ẹ sì rí i pé fóònù yín ní iná dáadáa.