Bí a ṣe ń pọ́n mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́wé tí a óò gbé rìnrìn àjò lọ kí àwọn ará ilé

Inú àwọn àgbà máa ń dùn púpọ̀ bí ọmọ bá ti Èkó dé pẹ̀lú oúnjẹ tí ó fọwọ́ ara rẹ̀ sè. Búrẹ́dì dára, ọsàn dára, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ló lè rà wọ́n lẹ́bàá títì. Mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́wé ni èmi máa ń gbé. Kò ní ọbẹ̀ tí yóò dà sí aṣọ lára, ó dùn ní gbígbóná, ó dùn ní tútù, arúgbó tí eyín rẹ̀ kò pé sì lè jẹ ẹ́ láìsí wàhálà. Ọ̀pọ̀ àwọn tí mo ti rí tí wọ́n bà á jẹ́, ata àti iyọ̀ wọn pé. Ewé ló dà wọ́n, omi sì tẹ̀lé e. Ibẹ̀ ni n óò pẹ́ sí.

Kọ́ọ̀pù ẹ̀wà 3 tó fún ìdílé kan, á fún yín ní bíi 12 sí 15. Ẹ̀wà olóyin ni mo máa ń lò nítorí adùn rẹ̀, ẹ̀wà funfun náà kò burú. Ẹ wá tàtàṣé ńlá 3, ata rodo 2, àlùbọ́sà 2, òróró tí kò kún kọ́ọ̀pù kan, edé lílọ̀ ṣíbí ìjẹun 3, iyọ̀ àti magí. Ẹyin sísè 4 tí a gé sí wẹ́wẹ́ ti tó. Mo mọ̀ pé gbogbo ènìyàn ló fẹ́ràn ẹlẹ́mìí méje, ṣùgbọ́n ti ilé nìyẹn. Bí ẹ bá ń rìnrìn àjò, ẹ fi ẹja tútù àti ẹran inú agolo sílẹ̀, wọ́n ń tètè bàjẹ́ nínú ooru. Edé àti ẹyin ló máa ń bá mi dé ibi tí mò ń lọ.

Ẹ rẹ ẹ̀wà fún ìṣẹ́jú 10 péré, ẹ fọwọ́ bó o, ẹ jẹ́ kí èèpo léfòó, kí ẹ sì máa dà á nù títí yóò fi mọ́. Bí ẹ kò bá fẹ́ fọwọ́ bó o, ẹ tẹ bílẹ́ńdà lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́ta pẹ̀lú omi púpọ̀, èèpo á bọ́ fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ tún ẹ̀wà bíbó náà rẹ fún wákàtí kan tàbí méjì kí ó lè kúnná. Ẹ má jẹ́ kí ó sùn sínú omi mọ́jú nígbà ooru, á kan.

Ẹ lọ ẹ̀wà náà pọ̀ mọ́ tàtàṣé, ata rodo àti àlùbọ́sà. Bí ẹ bá ní ẹ̀rọ ọjà nítòsí, ibẹ̀ ni kí ẹ gbé e lọ, ó ń lọ̀ ọ́ kúnná ju bílẹ́ńdà ilé lọ. Ṣùgbọ́n ẹ dúró ti oníẹ̀rọ. Ẹ ní kí ó kọ́kọ́ fi omi ṣan ẹ̀rọ náà, torí ata rodo tí wọ́n lọ̀ ṣáájú yín ń bẹ nínú rẹ̀, bí ó bá sì bọ́ sínú ẹ̀wà yín, àwọn ọmọdé kò ní lè fẹnu kàn án.

Ó wá kan omi. Gbogbo omi tí yóò wọ inú ẹ̀wà kọ́ọ̀pù 3, títí kan èyí tí wọ́n fi lọ̀ ọ́, kò gbọdọ̀ ju kọ́ọ̀pù 3 sí 4 lọ. Àwọn tí ó ń bu omi láì wọ̀n ọ́n ni mọ́ínmọ́ín wọn kì í dì, tí wọn á sì máa sọ pé ẹ̀wà ọdún yìí ni kò dára. Omi tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni kí ẹ lò. Omi tí ó bá hó á bẹ̀rẹ̀ sí í se ẹ̀wà náà nínú abọ́, yóò sì di kókó. Ẹ bu òróró, edé, iyọ̀ àti magí sí i, ẹ fi ìgbakọ rò ó fún ìṣẹ́jú márùn-ún gbáko, ọ̀nà kan náà ni kí ẹ máa yí i sí. Ẹ gbé ìgbakọ sókè wò ó. Bí ó bá ń ṣàn láì já, tí ẹ̀yìn ìgbakọ kò sì hàn síta, ó ti dára. Bí ó bá ń bọ́ ní kùbẹ̀kùbẹ̀, ẹ fi omi díẹ̀ kún un, nítorí èyí tí ó bá ki báyìí, yóò le bí ó bá tutù. Ẹ pọ́n kékeré kan, ẹ sè é wò kí ẹ tó pọ́n ìyókù. Ibẹ̀ ni ẹ óò ti mọ̀ bóyá iyọ̀ pé.

Ewé mọ́ínmọ́ín wá kù. Ẹ ra èyí tí ó lé. Méjì ni ẹyọ kan ń gbà, òmíràn á ya, òmíràn á ti lu. Bí ẹ bá na ewé sójú oòrùn, tí ìmọ́lẹ̀ ń tojú ihò wọlé, bí ihò náà tilẹ̀ kéré bí orí abẹ́rẹ́, ẹ yà á sọ́tọ̀, a óò fi bo ìkòkò.

Ẹ fọ ọ́ lójú àti lẹ́yìn, lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú kànìnkànìn tí kò le. Ẹ gé igi rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má sọ ọ́ nù. Ẹ yí ẹ̀yìn ewé sókè, ẹ fi ọ̀bẹ kékeré tí ó mú fá eegun àárín rẹ̀ ní ìdí, níbi tí ó ti nípọn jù, títí yóò fi dọ́gba pẹ̀lú ara ewé. Ìgbésẹ̀ yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fò. Ewé tí a kò fá, bí a bá ṣẹ́ ẹ pẹ́nrẹ́n, ẹ óò gbọ́ tí ó dún pá, ibi tí ó ti dún yẹn ni yóò ti jò. Bí ewé bá gan, ẹ da omi gbígbóná lé e lórí, ẹ fi í sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, á rọ̀.

Ẹ tẹ́ ewé kan, ẹ fi ìkejì lé ìdajì rẹ̀, kí orí ọ̀kan kọjú sí ìdí èkejì. Ẹ ká apá òsì wá sí àárín, ẹ ká apá ọ̀tún bò ó, kí ó rí bí àrọ, kí ẹnu rẹ̀ fẹ̀, kí ìdí rẹ̀ sì ṣe ṣóńṣó. Ẹ ṣẹ́ ṣóńṣó ìdí náà sẹ́yìn, kí ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ òsì dì í mú ṣinṣin. Láti ìgbà yìí lọ, ọwọ́ òsì yín kò gbọdọ̀ tú títí ewé náà yóò fi wọ inú ìkòkò. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbé fóònù nígbà náà, ewé tú mọ́ ọn lọ́wọ́ nìyẹn.

Bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ, ẹ bu omi lásán sínú rẹ̀ wò. Bí ó bá ń kán, ẹ tú u ká, kí ẹ tún un ká tàbí kí ẹ fi ewé kẹta kún un. Ó sàn kí omi jò ju kí ẹ̀wà jò lọ. Ìgbà tí ọwọ́ bá ti mọ̀ ọ́n, ẹ kò ní nílò omi mọ́.

Ẹ ro ẹ̀wà inú abọ́ kí ẹ tó bù ú, ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá fẹ́ bù ú, torí ó máa ń silẹ̀, òróró á sì dá dúró lókè. Ẹ má bù ú kún ewé. Ìdá méjì nínú mẹ́ta ti tó, torí mọ́ínmọ́ín ń wú, a sì nílò ewé tí ó kù lókè. Ẹ ki ẹyin bọ̀ ọ́, ẹ pa ẹnu ewé pọ̀, ẹ ṣẹ́ ẹ sẹ́yìn, sí apá kan náà tí ẹ ṣẹ́ ìdí rẹ̀ sí. Ojú ibi tí a ṣẹ́ yìí ni kí ó dùbúlẹ̀ lé nínú ìkòkò, ìwúwo rẹ̀ á pa á dé. Èyí tí kò ní ata púpọ̀, ti ìyá àgbà àti àwọn ọmọdé, mo máa ń fi òwú so ó kí n má baà ṣì í mú.

Kí ẹ tó pọ́n àkọ́kọ́, ìkòkò gbọ́dọ̀ ti wà lórí iná, kí ẹ ti to igi ewé yẹn sí ìdí rẹ̀, kí omi díẹ̀ tí kò bo igi náà sì ti máa hó. Bí mọ́ínmọ́ín bá wọ inú omi tútù, á ti jò tán kí ó tó dì. Bí ó bá wọ inú ooru, ìsàlẹ̀ rẹ̀ á tètè dì, bí ewé bá tilẹ̀ ní àléébù díẹ̀, á gbà á là. Ẹ fi ewé tí ó kù bo orí rẹ̀, ẹ dé ìkòkò. Iná ìwọ̀ntúnwọ̀nsì, bíi wákàtí kan. Bí omi bá ń gbẹ, ẹ fi omi gbígbóná kún un láti ẹ̀gbẹ́ ìkòkò, ẹ má dà á lé orí mọ́ínmọ́ín. Èyí tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí iná máa ń rọ̀, ẹ má torí ẹ̀ rò pé kò jinná.

Bí kò bá sí ewé yìí ní ọjà yín, agolo mílíìkì tí ẹ fọ̀, tí ẹ fi òróró pa nínú, dára, ó sì dínwó. Èmi kì í fi náílọ́nù se oúnjẹ gbígbóná. Ẹ̀yin tí ó wà lókè òkun lè lo ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ dídì tí wọ́n ń tà ní ilé ìtajà àwọn ará Éṣíà. Ní Bahia ní Bràsíìlì, abará tí ó jẹ́ ọmọ ìyá mọ́ínmọ́ín, ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà ni wọ́n fi ń dì í. Ẹ kọ́kọ́ fi ra iná kí ẹ tó ṣẹ́ ẹ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, á ya.

Bí ó bá jinná tán, ẹ tò ó sórí tíréè fífẹ̀, ẹ jẹ́ kí ooru jáde pátápátá kí ẹ tó dì í. Ẹni tí ó bá dé e mọ́ kúlà ní gbígbóná, á dé ọ̀hún bá a pé ó ti kan. Mo máa ń sè é ní alẹ́, kí n gbé e sínú fìríìjì bí ó bá ti tutù, kí n tò ó sínú kúlà ní òwúrọ̀ pẹ̀lú ike omi dídì kan. Bí iná kò bá sí ládùúgbò yín, ìdájí ni kí ẹ sè é.

Ọkọ̀ ojú irin Èkó sí Ìbàdàn, tí wọ́n ṣí ní oṣù Kẹfà ọdún 2021, ni mo fẹ́ràn jù fún irú ẹrù báyìí. Láti ibùdó Alágomejì dé Mọ́níyà, ẹ óò jókòó, ẹ óò gbé kúlà sí ẹsẹ̀, kò sí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ìbàfò àti Mówe tí yóò fi oòrùn pa oúnjẹ yín. Ẹ rántí pé Mọ́níyà jìnnà sí àárín ìlú, ẹ ṣì máa wọ ọkọ̀ mìíràn, nítorí náà ẹ má kó ẹrù jù.

Bí ẹ bá dé, ẹ kúnlẹ̀ tàbí kí ẹ dọ̀bálẹ̀ kí wọn tán kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í tú ẹrù. Ẹ fi omi díẹ̀ sínú ìkòkò, ẹ da mọ́ínmọ́ín padà sí i pẹ̀lú ewé lára rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, á rọ̀ bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sè é. Ẹ̀kọ, ọ̀hún ni kí ẹ ti rà á, ẹ má gbé e láti Èkó. Gàrí Ìjẹ̀bú pẹ̀lú omi tútù náà bá a mu. Èyí tí ó bá ṣẹ́kù di ọjọ́ kejì, ẹ tú u kúrò nínú ewé, ẹ gé e pẹlẹbẹ, ẹ fi òróró díẹ̀ dín in fún àwọn ọmọ láàárọ̀ kí wọ́n fi mu ògì.