Tí ẹ́ńjìnnì bá ń gbọ̀n nígbà tí ọkọ̀ dúró

Ẹ̀yin ará, tí ìró ẹ́ńjìnnì bá ń lọ sókè sódò nígbà tí ẹsẹ̀ yín ò sí lórí tọ́ròtù, ẹ má tíì sáré ra plọ́ọ̀gì. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí ẹ tẹ́tí sílẹ̀ bóyá ẹ máa gbọ́ “ṣìì”. Rọ́bà afẹ́fẹ́ tó ti sán ló sábà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀, ẹ má fi tépù wé e. Bí kò bá jò, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kí ẹ fọ throttle body, ìyẹn ẹnu ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì, torí ìdọ̀tí dúdú máa ń dí ibẹ̀. Oògùn tí wọ́n ṣe fún un ni kí ẹ lò, ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe bẹntiróòlù. Ṣùgbọ́n tí iná ẹ́ńjìnnì orí dáṣíbọ́ọ̀dù bá ń ṣẹ́jú, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ plọ́ọ̀gì tàbí kọ́ìlì tó ń fún plọ́ọ̀gì ní iná: ẹ má wà á lọ síbi tó jìn.