Bí Ẹ Ṣe Lè Rí Dígí Tó Wà Lára Ẹja Ṣáwá

Fàdákà tó ń dán lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹja ṣáwá kì í ṣe ọ̀dà. Ẹja yìí kò sì ní iná tirẹ̀: ìmọ́lẹ̀ tó bá bọ́ sí i lára ló ń dá padà. Gúánínì, èròjà kan tó dì ní pẹlẹbẹ nínú ara ẹja, tó sì ń dán bíi dígí, ló ń ṣiṣẹ́ náà. Ó wà lábẹ́ ìpẹ́ àti nínú awọ, pẹlẹbẹ lórí pẹlẹbẹ, tí omi ara sì là wọ́n láàárín. Kí ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ewé tó lè padà dáadáa, pẹlẹbẹ gúánínì kan ní láti fẹ́lẹ́ tó nǹkan bí nanomita 75 (nanomita mílíọ̀nù kan ló wà nínú milimita kan), kí àlàfo omi tó tẹ̀ lé e sì tó nǹkan bí 100. Irun orí kan nípọn jù ú lọ ní nǹkan bí ìlọ́po ẹgbẹ̀rún. Ibi tí wọ́n bá ti gbòòrò jù bẹ́ẹ̀ lọ á dá pupa padà, ibi tí wọ́n bá ti fún á dá búlúù. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá pa pọ̀, fàdákà lojú wa ń rí.

Ẹ ra ṣáwá méjì lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ẹja yìnyín. Herring láti òkun tútù Yúróòpù ni, irú ẹja tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Eric Denton àti J. A. C. Nicol yẹ̀ wò ní Plymouth, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láàárín ọdún 1960 sí 1970. Èyí tí ìpẹ́ rẹ̀ ṣì pọ̀ lára ni kẹ́ ẹ ṣà. Ẹja yíyan kò wúlò fún èyí. Ẹ fi í sínú ọ̀rá, kẹ́ ẹ gbé e sí ìsàlẹ̀ fíríìjì di ọjọ́ kejì kí yìnyín lè yọ́. Ẹ má da omi gbígbóná sí i, ẹ má sì fọwọ́ ra á, torí ìpẹ́ ṣáwá ò le rárá, fífọwọ́kàn lásán á já a.

Nígbà tílẹ̀ bá ṣú, ẹ pa gbogbo iná yàrá. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì kan ṣoṣo, kẹ́ ẹ gbé e sún mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú. Ẹ gbé ìwé funfun sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹja náà, kẹ́ ẹ wá máa yí méjèèjì díẹ̀díẹ̀. Funfun náà ni ìwé á máa jẹ́. Ẹja á kọ mànà, á tún ṣú lójijì. Bí tọ́ọ̀ṣì bá jìnnà sójú, ẹ lè má rí nǹkan kan, torí ibòmíràn ni ìmọ́lẹ̀ tó padà á gbà lọ.

Lẹ́yìn èyí, ẹ pa tọ́ọ̀ṣì, kẹ́ ẹ tan iná òkè. Ẹ gbé ẹja náà sí déédéé ojú bó ṣe ń lúwẹ̀ẹ́, ikùn nísàlẹ̀, ẹ̀yìn lókè, ẹ̀gbẹ́ kan kọjú sí yín. Kò ní fi bẹ́ẹ̀ dán. Ẹ wá dà á sẹ́yìn díẹ̀, kí ẹ̀gbẹ́ náà lè máa wòkè: bẹ́ ẹ bá dà á ní dígírì 20, ìmọ́lẹ̀ tó ń padà á yí ní dígírì 40, ẹja á sì kọ mànà lójú yín. Ohun tó wù mí jù nínú gbogbo rẹ̀ nìyí. Ara ẹja rí roboto, síbẹ̀ Denton rí i pé àwọn pẹlẹbẹ náà ò tẹ̀ lé roboto ara, òòró ni wọ́n dúró sí. Nínú òkun, dígí tó dúró lóòró ń fi omi han ẹja apanijẹ, omi tó dà bí èyí tí ì bá rí ká ní kò sí ẹja níbẹ̀. Bí agbo ẹja bá yí padà lẹ́ẹ̀kan náà, ìmọ́lẹ̀ òkè á bọ́ sórí dígí náà, gbogbo wọn á sì tàn yanran.

Ó wá ku ìpẹ́. Ẹ tẹ́ ọ̀rá dúdú sínú àwo, ẹ fi ẹ̀mú yọ ìpẹ́ kan láti àárín ẹ̀gbẹ́, kẹ́ ẹ da omi lé e, kó kàn bò ó. Láìsí dúdú lábẹ́ rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ tó gba inú ìpẹ́ kọjá á ta padà láti ìsàlẹ̀ àwo, á sì fọ àwọ̀ náà nù. Bí ìpẹ́ bá mọ́ gaara bíi gíláàsì, fàdákà rẹ̀ ti kù sára awọ. Ẹ rọra yọ òmíràn. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì láti òkè gan-an, kẹ́ ẹ wá máa dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́, kójú yín sì máa lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì. Ibi tó pọ́n á máa lọ sí àwọ̀ ewé, ibi tó jẹ́ àwọ̀ ewé á máa lọ sí búlúù, torí bí ìmọ́lẹ̀ bá wọlé lẹ́gbẹ̀ẹ́, ṣe ló dà bíi pé àlàfo náà fún. Ọ̀dà kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí omi gbẹ: ìpẹ́ tó gbẹ máa ń ká, àwọ̀ rẹ̀ á sì yí.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ fi fóònù ya á, ẹ pa iná fóònù fúnra rẹ̀, kẹ́ ẹ tẹ ojú ìpẹ́ lórí síkíríìnì, kẹ́ ẹ sì dín ìmọ́lẹ̀ kù títí àwọ̀ á fi yọ.

Squid, ẹran òkun olọ́wọ́ púpọ̀, náà ń dán, àmọ́ ẹ má retí pé òkú rẹ̀ á ṣe irú èyí tí alààyè ń ṣe. Pẹlẹbẹ tirẹ̀ jẹ́ purotéènì tí wọ́n ń pè ní reflectin, iṣan tó ń gbé ìsọfúnni láti ọpọlọ rẹ̀ ló sì ń pàṣẹ kí àlàfo wọn fún tàbí kó gbòòrò.