Nọ́ńbà afárá lẹ máa fi wá omi lórí kánáàlì

Ẹ̀yin ará wa tó ń fi ọkọ̀ ojú omi rin kánáàlì, ìyẹn odò tí wọ́n fọwọ́ gbẹ́, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nọ́ńbà afárá ni kẹ́ ẹ máa fi ṣírò ibi tẹ́ ẹ ó ti pọn omi, ẹ má fi orúkọ àdúgbò ṣe é. Ẹ wò ó lórí máàpù, kẹ́ ẹ máa ka pátákó kékeré tó wà lára afárá bẹ́ ẹ ṣe ń lọ. Lórí kánáàlì Grand Union, abúlé Braunston ni nọ́ńbà ti bẹ̀rẹ̀, ó sì ń lọ sókè títí dé ọ̀nà London. Afárá tí wọ́n kọ́ lẹ́yìn máa ń gba lẹ́tà, bíi 12A, kí èyí tó kù má bàa dàrú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fojú kéré rẹ̀: tẹ́ ẹ bá fi ọkọ̀ gígùn kọjá ẹ̀rọ omi, kò sí bẹ́ ẹ ṣe lè yí padà àfi níbi tí wọ́n dìídì gbẹ́ fẹ̀. Ẹ mú rọ́bà tẹ́ ẹ ó fi fa omi dání, kẹ́ ẹ sì mú Watermate, kọ́kọ́rọ́ tó ń ṣí àwọn ibi ìlò létí kánáàlì, torí títì ni wọ́n sábà máa ń ti ibi tẹ́ ẹ ó ti da ìgbẹ́ inú ọkọ̀ nù àti ilé ìwẹ̀. Ní ti nọ́ńbà afárá, ẹ̀ka Grand Union bíi Paddington Arm ní tirẹ̀ lọ́tọ̀, nítorí náà tẹ́ ẹ bá ń pe ẹni tó máa ràn yín lọ́wọ́, ẹ dárúkọ kánáàlì mọ́ nọ́ńbà afárá.