Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Lọ́wọ́ Àlejò Tó Fẹ́ Jẹun Níta ní Longyearbyen

Ìlú Longyearbyen wà ní Svalbard, àwọn erékùṣù tí Norway ń ṣàkóso, nǹkan bíi kìlómítà 1,300 sí ṣóńṣó àríwá ayé. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 2,500. Igi kì í hù níbẹ̀, oko kò sí, ilẹ̀ ibẹ̀ sì dì gbagidi tọdún-tọdún. Síbẹ̀, ẹni tó bá mọ ètò ṣe yóò jẹ oúnjẹ tó dára níbẹ̀, yóò sì gbádùn rẹ̀. Ohun tó ń kó ìyà jẹ ọ̀pọ̀ àlejò ni pé wọ́n rò pé ìgbà tí ebi bá dé ni àwọn yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ibi tí àwọn yóò ti jẹun, bí èèyàn ti ń ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí ní Ìbàdàn. Ìlú yìí kò gba bẹ́ẹ̀. Oúnjẹ alẹ́ ọ̀túnla, òní ni kí ẹ ti mọ ibi tí ẹ ó ti jẹ ẹ́.

Ẹ má dúró dìgbà tí ẹ bá débẹ̀ kí ẹ tó gba tábìlì

Ilé oúnjẹ ibẹ̀ kò pọ̀, èrò ló pọ̀. Ní oṣù kẹta àti oṣù kẹrin, oòrùn ti padà, yìnyín ṣì wà nílẹ̀, gbogbo ẹni tó fẹ́ gun alùpùpù orí yìnyín ló ń ya wọ̀lú. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọkọ̀ òkun ńlá kan ṣoṣo lè já èrò tó pọ̀ ju àwọn ará ìlú lọ sí èbúté láàárọ̀ ọjọ́ kan. Bí ẹ bá fẹ́ jẹun ní Huset, tó ti wà láti ọdún 1951, tàbí ní Gruvelageret, tó jẹ́ ilé ìkẹ́rùsí àwọn awakùsà tẹ́lẹ̀, ọjọ́ tí ẹ bá ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú ni kí ẹ kọ̀wé sí wọn. Ẹ béèrè ọjọ́ tí wọ́n ń ṣí, nítorí kì í ṣe gbogbo ibi ló ń ṣí lójoojúmọ́.

Ẹ má fi ojú oòrùn ka àkókò oúnjẹ. Láti nǹkan bí ogúnjọ́ oṣù kẹrin títí di apá ìparí oṣù kẹjọ, oòrùn kì í wọ̀ rárá. Èèyàn yóò máa rìn kiri nínú ìmọ́lẹ̀, yóò rò pé ìrọ̀lẹ́ ni, àwọn alásè yóò sì ti pa iná ààrò tipẹ́. Níbi tí wọ́n ti ń ta ọtí àti oúnjẹ pọ̀, ọtí lè wà títí di òru, ṣùgbọ́n ìdáná ti parí iṣẹ́.

Bí ẹ bá gba tábìlì tí ẹ kò ní lè lọ mọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè wọ́n. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń dùn mí gan-an. Ọkọ̀ òkun ló ń kó ẹrù tó wúwo débẹ̀. Wàrà, èso àti ẹ̀fọ́ tútù, ọkọ̀ òfurufú ló ń gbé wọn wá. Kò sí oko kankan nítòsí tí alásè lè sáré lọ. Ẹ̀fọ́ tí wọ́n gé sílẹ̀ dè yín, tí ẹ kò wá jẹ, ó ti fò kọjá òkun kó tó bàjẹ́. Nítorí èyí kan náà, ẹ má bínú bí wọ́n bá ní ohun tí ẹ rí nínú ìwé oúnjẹ ti tán. Bí ìjì bá dá ọkọ̀ òfurufú dúró, gbogbo ìlú ló máa ń mọ̀ ọ́n lára. Ẹ ra búrẹ́dì àti ẹyin díẹ̀ ní Svalbardbutikken, ṣọ́ọ̀bù ńlá ìlú náà, sínú yàrá yín, kí ìjì má bàa fi ebi pa yín.

Ẹ má fi bàtà wọlé láìwo ẹnu ọ̀nà

Èédú ló dá ìlú náà sílẹ̀ ní ọdún 1906. Awakùsà tó bá ti inú ilẹ̀ jáde máa ń bọ́ bàtà rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà kí eruku dúdú má bàa wọlé. Gruve 7, ibùdó ìwakùsà tí Norway ní gbẹ̀yìn níbẹ̀, ti kógbá sílé ní oṣù kẹfà ọdún 2025, ṣùgbọ́n àṣà náà kò lọ. Ní ọ̀pọ̀ òtẹ́ẹ̀lì, ní ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, àti ní àwọn ilé oúnjẹ kan, ẹ ó bá pẹpẹ bàtà lẹ́nu ọ̀nà: bàtà dúdú gìrìwò, ìlà lórí ìlà, yìnyín ń yọ́ lára wọn sórí ilẹ̀. Bí ẹ bá ti rí i, ẹ bọ́ tiyín, bí ìgbà tí ẹ fẹ́ wọ mọ́ṣáláṣí. Ẹ wọ ìbọ̀sẹ̀ tí kò lu. Ẹ so okùn aláwọ̀ kan mọ́ bàtà yín, nítorí gbogbo wọn ló jọra, ẹni tó bá kọ́kọ́ yó lè wọ tiyín lọ.

Ẹ lè rí àmì tó ní kí ẹnikẹ́ni má gbé ìbọn wọlé. Ẹ má jẹ́ kó já yín láyà. Ẹni tó bá ti ẹ̀yìn ìlú bọ̀ ló máa ń gbé e, nítorí béárì funfun. Èyí tó yẹ kó bà yín lẹ́rù ni ìrìn lẹ́yìn oúnjẹ. Ẹlòmíràn á yó tán, á ní òun fẹ́ rìn kó dà, á sì kọjá àmì béárì tó wà ní ìparí ìlú láti lọ ya fọ́tò ìmọ́lẹ̀ aláràbarà tó ń tàn lójú ọ̀run lóru (aurora). Ní oṣù kẹjọ ọdún 2020, béárì pa ọkùnrin kan ní ibùdó àgọ́ tó wà nítòsí pápákọ̀ òfurufú ibẹ̀. Ẹ wọ táàsì.

Bákan náà ni kí ẹ má fẹsẹ̀ rìn lọ wo ilé tí wọ́n ń kó irúgbìn ayé pa mọ́ sí nínú òkè. Ẹnu ọ̀nà nìkan ni àlejò ń rí. Àmọ́ ó yẹ kí inú ọmọ Yorùbá dùn sí i: nígbà tí wọ́n ṣí i ní ọdún 2008, irúgbìn ẹ̀wà, àgbàdo àti ẹ̀pà róró (Bambara groundnut) tí IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn tó wà ní Ìbàdàn, fi ránṣẹ́ wà lára àwọn tó kọ́kọ́ débẹ̀.

Ẹ má pàṣẹ ẹran nítorí orúkọ rẹ̀ lásán

Ẹ ó rí ẹran àbùùbùtán, ẹran seal (ẹranko tó ń gbé inú òkun tútù), àti ẹran reindeer tó jẹ́ ìbátan àgbọ̀nrín. Ẹran tó jiná dénú là ń fẹ́ nílé wa, ṣùgbọ́n kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń sè é níbẹ̀. Ẹran àbùùbùtán pọ́n débi tó fẹ́ dúdú, bí ẹ̀dọ̀ màlúù; fẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n ń fi iná kàn án. Bí ẹ bá ní kí wọ́n dá a padà sórí iná, á yi bí awọ, á sì máa ta sánsán òróró ẹja. Ẹ gba ìwọ̀n kékeré tọ́ wò ná. Ẹni tí kò lè jẹ ẹran tó lẹ́jẹ̀, kó béèrè bidos, ọbẹ̀ reindeer tí wọ́n fi kárọ́ọ̀tì àti ànàmọ́ òyìnbó sè. Èyí jiná dáadáa. Aláboyún àti ìyá tó ń fún ọmọ lọ́mú kò gbọ́dọ̀ jẹ àbùùbùtán. Ìjọba Norway fúnra wọn ló kìlọ̀ bẹ́ẹ̀ nítorí oró mẹ́kúrì inú rẹ̀.

Ẹ̀yin Mùsùlùmí, ẹ béèrè bí wọ́n ṣe pa reindeer kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Ìbọn ni wọ́n fi ń pa èyí tó ń dá rìn kiri ní Svalbard. Ẹja ò ní wàhálà, ó sì dùn níbẹ̀.

Ẹ má sọ pé kò sí ata. Àwọn ará Thailand wà lára àwọn àjèjì tó pọ̀ jù nílùú náà, wọ́n ń se oúnjẹ tà, ata wọn sì ta. Ẹ má tìtorí ata di kílíṣí dání láti Nàìjíríà o, Norway kò gba ẹran láti ilẹ̀ wa wọlé. Bí ẹ bá sì ń padà bọ̀, ẹ má di ẹran àbùùbùtán sẹ́rù. Britain àti Amẹ́ríkà kò ní gbà á lọ́wọ́ yín.

Owó, ọtí àti físà

Wọn kì í gba owó orí ọjà ní Svalbard, ṣùgbọ́n owó ọkọ̀ ti gun orí oúnjẹ, nítorí náà kò pọ́ọ́kú. Ẹ lè mu ọtí ní ilé oúnjẹ bó ṣe wù yín. Ẹni tó bá fẹ́ rà á ní ṣọ́ọ̀bù ni yóò fi tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú rẹ̀ hàn. Káàdì ni kí ẹ fi sanwó. Ẹ̀bùn fún ẹni tó gbé oúnjẹ wá kì í ṣe dandan, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá tọ́jú yín dáadáa, ẹ fi nǹkan lé e.

Ọ̀rọ̀ físà kì í ṣe ti oúnjẹ, àmọ́ n kò lè fi pa mọ́. Svalbard kò béèrè físà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n Oslo tàbí Tromsø ni ọkọ̀ òfurufú ń gbà, Svalbard sì wà lóde ààlà Schengen, ìyẹn àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tó ń lo físà kan náà. Ẹni tó ní ìwé ìrìnnà Nàìjíríà gbọ́dọ̀ gba físà Schengen tó gbà á láyè láti wọlé lẹ́ẹ̀mejì, kí ọ̀nà má bàa dí mọ́ ọn nígbà tó bá ń padà bọ̀.