Àwọn Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nídìí Dráyà àti Páìpù Tí Ń Gbé Ooru Rẹ̀ Jáde

Ọ̀pọ̀ nínú wa tí a dàgbà ní Ìbàdàn, Abẹ́òkúta tàbí Òṣogbo kí a tó wá fi Amẹ́ríkà ṣe ibùgbé, okùn ìsáṣọ àti oòrùn ni a mọ̀. Nígbà tí a wá bá dráyà, ẹ̀rọ tí ń gbẹ aṣọ, nínú ilé tí a háyà tàbí tí a rà, a kọ́ bọ́tìnì tí a ó máa tẹ̀, ṣùgbọ́n a kò béèrè ibi tí omi inú aṣọ ń gbà lọ. Nínú àìbéèrè yẹn ni púpọ̀ nínú àwọn àṣìṣe tí mo fẹ́ kìlọ̀ fún ẹ̀yin ará mi nípa wọn ti ń wá.

Dráyà kì í fi ooru nìkan gbẹ aṣọ. Ó ń fa afẹ́fẹ́ inú ilé wọlé, ó ń mú un gbóná, ó ń fẹ́ ẹ gba àárín aṣọ tí ń yí nínú àgbá rẹ̀, lẹ́yìn náà ni ó ń ti afẹ́fẹ́ ọ̀hún, pẹ̀lú omi tí ó ti gbà lára aṣọ, jáde síta nípasẹ̀ páìpù kan tí fífẹ̀ rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ íńṣì 4. Bí afẹ́fẹ́ náà kò bá rí ọ̀nà jáde, aṣọ kò ní tètè gbẹ, ooru yóò sì máa pọ̀ sí i nínú ẹ̀rọ.

Àṣìṣe tí ó gbilẹ̀ jù lọ ni kí ènìyàn gbà pé bí òun bá ti yọ eruku òwú inú asẹ́ dráyà dànù, iṣẹ́ ti parí. Lóòótọ́, a gbọ́dọ̀ yọ ọ́ ní gbogbo ìgbà tí a bá gbẹ aṣọ. Ṣùgbọ́n asẹ́ kò lè mú gbogbo fọ́nrán wẹ́wẹ́ tí ń já lára aṣọ. Òmíràn a yọ́ kọjá, a lọ lẹ̀ mọ́ inú páìpù, òmíràn a sì kó jọ sí ikùn ẹ̀rọ nítòsí ibi tí ó ti ń gbóná, bẹ́ẹ̀ eruku òwú gbígbẹ a máa tètè gbiná. Àjọ U.S. Fire Administration, tí í ṣe ti ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, ṣírò rẹ̀ pé láàárín ọdún 2008 sí 2010, nǹkan bí iná 2,900 ni dráyà ń dá sílẹ̀ nínú ilé gbígbé lọ́dọọdún, pé ènìyàn 5 ń kú, 100 ń fara pa, dúkìá tí owó rẹ̀ tó mílíọ̀nù 35 dọ́là sì ń ṣòfò. Àìtọ́jú ẹ̀rọ náà kí ó mọ́ ni ó ṣáájú nínú ohun tí ń fà á, ìdá 34 nínú ọgọ́rùn-ún.

Ní ilé tèmi, ó pẹ́ kí ojú mi tó là sí i. Aṣọ ìnura tí ń gbẹ láàárín ìṣẹ́jú 45 bẹ̀rẹ̀ sí í gba wákàtí méjì, orí ẹ̀rọ ń gbóná débi pé ọwọ́ kò gbà á, yàrá ìfọṣọ sì ń rin. Oníṣẹ́ kan tí mo pè ní kí n lọ ra dráyà tuntun. Kí n tó náwó, mo jáde lọ wo ẹnu páìpù lára ògiri nígbà tí ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, mo sì rí i pé ìdérí rẹ̀ kò mira rárá. Eruku tí mo fà jáde níbẹ̀ kún garawa kan. Nítorí náà, ó kéré tán, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni kí ẹ yọ okùn iná ẹ̀rọ náà, kí ẹ fà á síwájú, kí ẹ sì fi búrọ́ọ̀ṣì gígùn tí a ṣe fún un gbo inú páìpù láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun. Bí ó bá jẹ́ onígáàsì, ẹni tí ó mọ iṣẹ́ gáàsì ni kí ẹ pè láti fà á. Ilé tí ọmọ pọ̀ sí kò gbọdọ̀ dúró dìgbà tí ọdún bá yí po.

Irú páìpù tí a lò náà yẹ kí a fara balẹ̀ wò, nítorí ojú kì í sábà tó o lẹ́yìn ẹ̀rọ. Àwọn kan ń ra páìpù rírọ̀ tí a fi ọ̀rá tàbí páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ṣe, nítorí pé ó pọ́ọ́kú, ó sì rọrùn láti tẹ̀. Inú ìṣẹ́po rẹ̀ ni eruku ń jókòó sí, ẹ̀rọ a sì tẹ̀ ẹ́ pa mọ́ ògiri bí a bá tì í padà sẹ́yìn. Èyí tí a fi ọ̀rá ṣe tilẹ̀ lè yọ́, kí ó sì jó. Páìpù onírin líle tí inú rẹ̀ ń dán ni kí ẹ lò, kí ó kúrú, kí ó sì lọ tààrà. Òfin ìkọ́lé International Residential Code, tí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà ń tẹ̀ lé, sọ pé kí gígùn rẹ̀ má ju ẹsẹ̀ bàtà 35 lọ, àyàfi bí ìwé ẹ̀rọ náà bá gba èyí tí ó jù bẹ́ẹ̀, kí a sì yọ ẹsẹ̀ bàtà 5 fún igun kọ̀ọ̀kan tí ó bá ṣẹ́ ní 90 digirí. Ẹni tí páìpù rẹ̀ ní irú igun bẹ́ẹ̀ mẹ́ta kò ní ju ẹsẹ̀ bàtà 20 lọ láti lò. Ẹ má ṣe fi síkúrù tí ẹnu rẹ̀ yọ sínú so ó pọ̀, nítorí ara rẹ̀ ni òwú ti ń há. Téèpù onírin tí ó lè fara da ooru ni ó yẹ. Ẹ má sì ta àwọ̀n bo ẹnu rẹ̀ níta. Mo mọ̀ pé ẹyẹ ń kọ́ ìtẹ́ síbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọ̀n yẹn yóò di asẹ́ kejì tí ẹnikẹ́ni kò ní rántí láti nù. Ìdérí tí ń ṣí fúnra rẹ̀, tí ó sì ń pa dé bí ẹ̀rọ bá dúró, ni kí ẹ fi síbẹ̀.

Nígbà òtútù, àwọn mìíràn a yọ páìpù kúrò lẹ́yìn ẹ̀rọ kí ooru rẹ̀ lè máa mú ilé móoru. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ògiri yóò máa rin, ìbu dúdú olóòórùn (mold) yóò sì hù lára rẹ̀. Bí ẹ̀rọ náà bá jẹ́ onígáàsì, ọ̀ràn ti di ti ẹ̀mí, nítorí carbon monoxide, èéfín olóró tí kò ní àwọ̀, tí kò sì ní òórùn, lè tú sínú ilé tí àwọn ọmọ ń sùn sí. Páìpù tí ó parí sí àjà ilé kò sàn ju èyí lọ.

Ọ̀rọ̀ epo kan ilé Yorùbá gan-an. Àkísà tí a fi nu òróró àkàrà, tàbí aṣọ tí epo pupa dà sí, lè mọ́ lójú kí epo ṣì wà nínú rẹ̀. Bí ooru dráyà bá kan epo tí ó ṣẹ́ kù yìí, ó lè máa gbóná fúnra rẹ̀, pàápàá bí a bá kó aṣọ náà jọ gègèrè ní gbígbóná, ó sì lè gbiná lẹ́yìn tí ẹ̀rọ ti dúró. Ẹ fọ irú aṣọ bẹ́ẹ̀ ní àfọ̀túnfọ̀, kí ẹ sì sá a sórí okùn. Aṣọ tí bẹntiróòlù kàn kò gbọdọ̀ wọ dráyà rárá, bẹ́ẹ̀ náà ni ohun tí ó ní fóòmù tàbí rọ́bà.

Bébà olóòórùn dídùn tí a fi ń mú aṣọ rọ̀ máa ń fi nǹkan bí ọ̀rá sí ojú asẹ́. Ẹ da omi sí asẹ́ náà. Bí omi bá dúró lórí rẹ̀ tí kò ṣàn kọjá, ẹ fi ọṣẹ àti omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fọ̀ ọ́, kí ẹ jẹ́ kí ó gbẹ kí ẹ tó dá a padà.

Àwọn ará wa ní Lọ́ńdọ̀nù tí dráyà wọn kò ní páìpù, tí ó ń gba omi sínú ike, kò bọ́ nínú ọ̀ràn yìí. Asẹ́ tiwọn náà ń dí, ibi tí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ gbígbóná ti ń di omi nínú ẹ̀rọ náà sì gbọ́dọ̀ mọ́ bí ìwé rẹ̀ ṣe là á sílẹ̀.

Ẹ má ṣe tan dráyà sílẹ̀ kí ẹ lọ sùn tàbí kí ẹ jáde nílé, bí ó ti wù kí aṣọ pọ̀ tó. Ní tèmi, òwúrọ̀ Sátidé ni mo fi sí, nígbà tí mo wà nílé tí ojú mi sì là, mo sì máa ń jáde lọ na ọwọ́ sí ẹnu páìpù kí n lè mọ̀ pé afẹ́fẹ́ gbígbóná ń jáde dáadáa.