FN mi tó ń ká ìdí: owó tó gbé lọ́wọ́ mi àti oṣù mẹ́ta tí mo fi wá àléébù kan ṣoṣo

Ẹni tó bá sọ fún yín pé ẹ kàn máa tú ìdí ìbọn FAL yín, ìyẹn FN, kúrò ni, apá tá à ń gbé ti èjìká, kẹ́ ẹ sì fi èyí tó ń ká sí i, onítọ̀hún ò tíì ṣe é rí. Ohun tí ẹni tó tà á fún mi sọ nìyẹn, mo san 340 dọ́là, páálí dé, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbọn mi, kò síbi tí màá so ó mọ́. Inú bí mi lọ́jọ́ yẹn débi pé mi ò lè jẹun alẹ́.

Texas ni mo ń gbé. Sójà ni bàbá mi, ó ja ogun abẹ́lé wa, 1967 sí 1970, FN ló sì gbé. FN làwọn sójà wa ń pè é, FAL ni orúkọ tí iléeṣẹ́ tó ṣe é ní Herstal, ní Bẹ́ljíọ́ọ̀mù, sọ ọ́, DICON, iléeṣẹ́ ìjọba wa tó ń ṣe ohun ìjà ní Kàdúná, náà sì ṣe tiẹ̀, NR1 ni wọ́n pe ìyẹn. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ìtàn ìbọn yìí, ìgbà tí mo wá rí ọ̀kan níbí, èyí tó ń yìn lẹ́yọ lẹ́yọ, tí wọ́n fi irin àtijọ́ tò sára receiver (irin àárín tí gbogbo ẹ̀yà yòókù so mọ́) tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà, mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Wàhálà rẹ̀ ni pé ó ju mítà kan lọ ní gígùn, àpótí onírin tí mo fẹ́ máa tì í mọ́ ò gbà á, ọmọ méjì sì wà nílé mi, mi ò lè fi ìbọn síbi tí kò ní kọ́kọ́rọ́. Para, èyí tí wọ́n ṣe fáwọn sójà tó ń fi páráṣúùtù bọ́ láti inú ọkọ̀ òfurufú, tí ẹ bá ká a, ó ku nǹkan bíi 845 mìlímítà. Ìdí tí mo fi fẹ́ ẹ nìyẹn, kì í ṣe fáàrí.

Ohun tí ẹni yẹn ò sọ fún mi rèé o. FAL gidi, inú ìdí ẹ̀ ni sípíríǹgì wà. Irin tó ń lọ síwá sẹ́yìn nínú ẹ̀, bolt carrier, ó ní ìrù gígùn kan lẹ́yìn bí ìrù eku, ìrù yẹn ló ń wọ inú ìdí lọ tì sípíríǹgì. Báwo lẹ ṣe fẹ́ ká ohun tí sípíríǹgì wà nínú ẹ̀? Ti Para, wọ́n gbé sípíríǹgì kúrò nídìí lọ sókè, sábẹ́ ìdérí orí ìbọn, carrier ẹ̀ ò nírù, ìdérí ẹ̀ yàtọ̀, apá ìsàlẹ̀ tí tírígà wà náà yàtọ̀. Gbogbo ẹ̀ lèmi náà padà rà, ọ̀kan lọ́wọ́ ẹni yìí, ọ̀kan lọ́wọ́ ẹni tọ̀hún, ìgbà tí màá fi ṣírò ẹ̀, 1,150 dọ́là ti lọ lórí 340 àkọ́kọ́. Ká ní mo mọ̀ ni, odidi Para kan ni ǹ bá tu owó jọ rà.

Òfin Amẹ́ríkà tún wà ńbẹ̀. 922(r) ni wọ́n ń pè é, ìlànà tí wọ́n fi ń lò ó ka ẹ̀yà ìbọn 20, ó ní èyí tó wá látòkèèrè nínú wọn ò gbọ́dọ̀ ju 10 lọ. Ìdí àti carrier mi àtijọ́, Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣe wọ́n, àwọn tuntun wá láti Bẹ́ljíọ́ọ̀mù, bí mo ṣe kúrò ní 9 bọ́ sí 11 nìyẹn. Mo ra ìdìmú tí wọ́n ṣe níbí kó tó padà sí 10. Ẹ kà á kẹ́ ẹ tó rà á, kì í ṣe lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá rà á tán. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní California, wọn ò gbà á lọ́dọ̀ yín, Britain ti fòfin de irú ìbọn báyìí látọdún 1988, ẹ̀yin ará ilé, ẹ má tiẹ̀ dábàá ẹ̀ rárá.

Títò ó pọ̀ ò le, ẹni tó bá ti tú FAL ẹ̀ fọ̀ rí mọ ìyẹn. Ibi tí ẹ̀mí mi ti fẹ́ bọ́ ni pápá ìyìnbọn. Mo yìn ín, ó dún, ó ta èèpo ọta jáde, àmọ́ kò kó òmíràn. Mo fọwọ́ fà á, ó yìn, ó tún dákẹ́. Ogún ọta, bóyá mẹ́rin péré ló tẹ̀ léra wọn. Ìbọn yìí kan náà ò kọṣẹ́ rí nígbà tó wà pẹ̀lú ìdí àtijọ́!

Mo rò pé gáàsì, ìyẹn èéfín ọta tó ń ti carrier sẹ́yìn, ò tó ni. Mo yí òrùka tó ń jẹ́ kí gáàsì jò sóde díẹ̀díẹ̀ títí mo fi tì í pa pátápátá, ó sàn díẹ̀, lẹ́yìn ọjọ́ méjì ó tún padà síbi tó wà. Wọ́n ní sípíríǹgì ti rẹ̀, mo ra tuntun, ó burú sí i. Wọ́n ní ọta ni, mo pààrọ̀ ọta, mo pààrọ̀ ilé ọta. Gbogbo Sátidé ni mo ń wa máìlì 40 lọ, tí màá fi ìbínú wa 40 bọ̀, ìyàwó mi ní kí n kúkú tà á, mo ní rárá, ìbọn bàbá mi ò ní ṣẹ́gun mi.

Bàbá òyìnbó kan tó ń tún ìbọn ṣe ló yọ mí. Kò wo gáàsì, kò wo sípíríǹgì. Ó mú máákà búlúù, ó fi kun orí carrier láti iwájú dé ẹ̀yìn, ó ní kí n yìn ín lẹ́ẹ̀marùn-ún. Ìgbà tí a ṣí i, máákà yẹn ti ha kúrò lápá ọ̀tún, ojú ibi tó ha ò ju èékánná ìka kékeré lọ, ó ń dán yọ̀ọ̀. Ó yọ ìdérí, ó gbé e sójú fèrèsé, ó ní kí n wò ó láti inú. Mo rí i. Ó tẹ̀ wọnú bíńtín, àfi bí ìgbà téèyàn fi àtàǹpàkò te agolo mílíìkì, wọ́n sì ti kun ọ̀dà dúdú lé e tó bẹ́ẹ̀ tójú ò fi lè rí i láti ìta. Gbogbo ìgbà tí carrier bá ń lọ sẹ́yìn ló ń ha á, ibẹ̀ lagbára ẹ̀ ń tán sí kó tó dé ibi tó ti máa mú ọta tó kàn. Oṣù mẹ́ta! Bàbá yẹn fi igi líle tì í nínú, ó fi òòlù rọ́bà gbá a jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ padà, kò lò tó ogún ìṣẹ́jú, 30 dọ́là ló gbà.

Mo ti yìn ín ju 400 lọ láti ìgbà náà, kò tíì há lẹ́ẹ̀kan. Mo yí gáàsì padà síbi tó yẹ, tó ń kó ọta láìgbá mi léjìká jù. Mo fi fídíò ẹ̀ ránṣẹ́ sí bàbá mi ní Abẹ́òkúta lórí WhatsApp, wọ́n wò ó títí, wọ́n ní, "Ọmọ mi, tiwa ò ká, igi nìdí ẹ̀." Orí mi wú.

Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ mọ̀ pé kò rọrùn lẹ́rẹ̀kẹ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, irin lásán ni ìdí yìí, oòrùn Texas lóṣù kẹjọ á mú un gbóná débi tẹ́ ẹ ò ní lè gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé e, mo ti fi aṣọ nípọn wé e. Tẹ́ ẹ bá ń ra ti àtijọ́, ẹ di ibi tó ti ń ká mú kẹ́ ẹ mì ín, tó bá ń mì jẹ̀ẹ̀jẹ̀ẹ̀, ẹ má rà á. Ẹ bi wọ́n bóyá ti SLR, ìyẹn FAL tí àwọn ará Britain ṣe, ni wọ́n ń tà, torí íǹṣì ni wọ́n fi wọn ìyẹn, ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yà ẹ̀ ò bá ti Bẹ́ljíọ́ọ̀mù mu. Ìdérí orí yẹn ṣá, ẹ ní kí wọ́n ya fọ́tò inú ẹ̀ fún yín, kì í ṣe ìta. Ẹni tó ta tèmi kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò lábàwọ́n kankan. Mo ti fi fọ́tò ibi tó tẹ̀ ránṣẹ́ sí i lẹ́ẹ̀mẹta, mo ní kó dá 85 dọ́là mi padà, ó ń kà á, kò fèsì.